Eré Ìrántí Olùkọ́: Sàráà Ni Tàbí Àríyá?

Bí olùkọ́ eré ìdárayá, ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní kóòṣì, bá kú láàárín ìlú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu àwọn àgbà. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ eré yóò wá síbi ìsìnkú pẹ̀lú awò dúdú lójú, ẹnì kan yóò ka ìwé ìdárò, ẹlòmíràn yóò sì ṣèlérí owó tí ẹnikẹ́ni kò ní fojú rí. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹjọ, ó ku opó, ó ku ọmọ, ó ku onílé tí ń béèrè owó ilé, ó sì ku àwọn ọ̀dọ́ tí olóògbé náà máa ń dúró dè lórí pápá kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni ẹnì kan ti máa ń dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, eléré ìdárayá ni, kò sì ní owó lápò. Ó ní òun yóò kó àwọn ẹlẹgbẹ́ òun jọ, àwọn yóò sáré ní ìrántí Kóòṣì, àwọn yóò sì fi eré náà gba owó jọ fún àwọn tí ó nílò ìrànlọ́wọ́.

Ohun tí ó tọ́ kí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni àdúà. Ohun tí ó ń gbọ́ kì í ṣe àdúà. Ẹnì kan á ní eré ọmọdé ni. Ẹnì kejì á ní ìwà Nàsárà ni, kò sí nínú ẹ̀sìn. Àwọn kan sì wà tí wọn kì í bá a jà rárá. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín sí i, wọ́n ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, wọ́n ní àwọn yóò ràn án lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹ́rìn-ín wọ̀nyí ni kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ṣọ́ra fún jù, ọ̀rọ̀ wọn yóò sì dé níwájú.

Àwọn tí ó ní eré sísá kò kan òkú kò parọ́. Ẹsẹ̀ tí ń lọ lórí ọ̀dà kò lè bá ẹnikẹ́ni wọ inú sàréè. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní ẹsẹ̀ ni yóò wọ̀ ọ́? Sàráà ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Eré kò ju agogo tí wọ́n fi ń pe ènìyàn wá síbẹ̀ lọ. Kò sí àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀ pé sàráà tí alààyè bá ṣe ní orúkọ òkú Mùsùlùmí ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìyá Sa'd ọmọ Ubadah kú, Sa'd lọ bi Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè irú sàráà tí ó dára jù. Omi ni Ànábì dárúkọ fún un. Sa'd sì gbẹ́ kànga, ó fi sọrí ìyá rẹ̀. Kànga ni, kì í ṣe màlúù. Ẹni tí ó mọ ìyá Sa'd lè mu níbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí náà sì lè mu.

Kóòṣì tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni èyí bá wí tààrà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá nìyí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ni Kìrìsìtẹ́nì kọ́ ní eré, tí ó sì fi ìfẹ́ kọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó nílò fátíwà kí ó tó ran opó irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kí ó tó san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ oore ènìyàn tí ó ń rí lójú, báwo ni yóò ṣe mọ oore Ọlọ́hun tí kò rí?

Ní ti àwọn tí ó ní ìwà Nàsárà ni, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan. Fídàú ọjọ́ kẹta, ti ọjọ́ kẹjọ àti ti ogójì ọjọ́, Mẹ̀dínà wo ni wọ́n ti rí i? Àwọn kan náà tí ó ń pe eré ìrántí ní àdádáálẹ̀ ni ó ń jókòó lábẹ́ àtíbàbà, tí opó ń yá owó láti fi se ìrẹsì fún wọn, tí wọ́n sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ẹnu ṣe àdúà. Nígbà tí Ja'far ọmọ Abu Talib kú sójú ogun Mu'tah, àṣẹ tí Ànábì pa ni pé kí àwọn ènìyàn se oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, nítorí ìbànújẹ́ ti gbà wọ́n lọ́kàn. Ní ilẹ̀ yìí, ará ilé òkú ni ó ń se oúnjẹ fún àwọn ènìyàn. Ta ni ó wá yí ẹ̀sìn padà: ọmọ tí ó fẹ́ fi òógùn ara rẹ̀ gba owó wá fún opó, tàbí àgbà tí ó jẹ ìrẹsì opó?

Eré sísá fúnra rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹ̀sìn. Ànábì bá Aisha ìyàwó rẹ̀ sáré. Aisha ni ó kọ́kọ́ yege. Nígbà tí ó ṣe, tí Aisha ti sanra díẹ̀, wọ́n tún un sá, Ànábì yege, ó sì fi bá a ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí kò ní sọ pé eré jẹ́ ohun ìtìjú fún ẹlẹ́sìn.

Bí ó bá sì jẹ́ pé òyìnbó ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù ba ọ̀dọ́, kí wọ́n jókòó kí wọ́n gbọ́ ìtàn òyìnbó kan dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣètò eré sàráà láàárín àwọn Mùsùlùmí ni kò tí ì ṣe ìdajì ohun tí ọmọ náà ṣe. Terry Fox ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, tí wọ́n bí ní ọdún 1958. Ọmọ kúkurú ni nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ni ó wù ú, kò sì mọ̀ ọ́n gbá. Olùkọ́ rẹ̀, Bob McGill, wò ó títí, ó ní kí ó lọ máa sá eré ọ̀nà jíjìn. Ọmọ náà kò fẹ́ràn eré ọ̀nà jíjìn rárá. Ọ̀wọ̀ tí ó ní fún olùkọ́ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó sá a. Kò fi bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀, títí ó fi di akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Simon Fraser, tí ó sì wọ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀. Olùkọ́ eré ìdárayá ni òun náà fẹ́ dà, bí àwọn tí ó kọ́ ọ.

Ní ọdún 1977, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 18, wọ́n rí àrùn jẹjẹrẹ nínú eegun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn yóò gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọ̀la rẹ̀ yóò mọ́ tí wọn yóò gé e, Terri Fleming, olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wá sí ilé ìwòsàn, ó mú ìwé ìròyìn kan wá fún un. Ìtàn Dick Traum ni ó wà nínú rẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀, tí ó sì sá eré ìje ẹlẹ́mìí ẹṣin ti New York parí ní ọdún 1976. Ẹ wo iṣẹ́ olùkọ́! Ọmọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn, òun kò lè dá ẹsẹ̀ náà dúró sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ọmọ náà yóò nílò nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti lọ. Láti inú ìwé pélébé yẹn ni èrò eré tí gbogbo ayé mọ̀ ti wọ ọkàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1980, Terry Fox ki ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ bọ omi òkun ní ìlú St. John's, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré la Kánádà já láti gba owó jọ fún ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ. Bí kìlómítà 42 ni ó ń sá lójúmọ́, ìyẹn odidi eré ìje ẹlẹ́mìí ẹṣin kan. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 143, ó sì sá kìlómítà 5,373, kí jẹjẹrẹ tó wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tí ó sì dá a dúró lẹ́bàá ìlú Thunder Bay ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 1981, ní ọmọ ọdún 22. Kí ó tó kú, owó tí àwọn ènìyàn dá ti kọjá mílíọ̀nù 24 dọ́là Kánádà, bí ìgbà tí ọmọ Kánádà kọ̀ọ̀kan bá dá dọ́là kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, bí 300,000 ènìyàn ni ó sá eré ìrántí rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sá a lọ́dọọdún. Wọ́n ti sá a ní Dubai, ní Abu Dhabi àti ní Kuala Lumpur, ní àárín àwọn Mùsùlùmí.

Ṣùgbọ́n iye owó kọ́ ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ohun tí ọmọ náà kọ̀ ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ fún un ní ọkọ̀, wọ́n fún un ní epo, wọ́n fún un ní bàtà. Ó gbà á. Èyí tí ó bá ní kí ó wá bá òun polówó ọjà, ó dá a padà. Owó tí ó bá ní májẹ̀mú lẹ́yìn, kò gbà á. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jèrè lára eré òun. Títí di òní, eré tí wọ́n ń sá ní orúkọ rẹ̀ kò ní ipò kìíní, kò ní ipò kejì, kò sì ní ẹ̀bùn. Ẹni tí ó sá àti ẹni tí ó rìn, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ibi tí àwọn ẹlẹ́rìn-ín ti wọlé nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwé, ó ń káàkiri láti wá ìrànlọ́wọ́. Olóṣèlú gbà láti ra ẹ̀wù fún gbogbo àwọn sárésáré, ṣùgbọ́n àwòrán tirẹ̀ ni yóò wà ní àyà, ti Kóòṣì yóò bọ́ sí ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ ọtí ṣe tán láti gbé owó sílẹ̀, bí wọ́n bá lè ta àsíá rẹ̀ sí ibi tí eré yóò parí sí. Kóòṣì tí kò fẹnu kan ọtí rí láyé, orúkọ rẹ̀ yóò wá dúró lábẹ́ àsíá ọtí! Àwọn kan ní kí wọ́n pe olórin, kí ọjọ́ náà lè dùn. Aláṣẹ ẹgbẹ́ eré tí kò bẹ Kóòṣì wò nígbà tí ó wà lórí àìsàn ni wọn yóò gbé ìbọn lé lọ́wọ́ pé kí ó yìn ín kí eré bẹ̀rẹ̀. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwòrán ọjọ́ náà yóò ti kún ọwọ́ gbogbo ayé, opó náà yóò sì tún jí bá onílé lẹ́nu ọ̀nà. Ṣekárími ni èyí; kò sí orúkọ mìíràn tí ó ń jẹ́.

Kí ọ̀dọ́ tí ó bá ní òun kò rí aburú nínú ẹ̀wù ìrántí mú kálámù. Kí ó gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ 200 ni yóò sáré, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san 3,000 náírà. Owó náà jẹ́ 600,000 náírà. Bí ẹ̀wù kan, pẹ̀lú àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sí i, bá gba 2,500 náírà péré, 500,000 ti lọ. Nínú 100,000 tí ó kù ni wọn yóò ti háyà àtíbàbà, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, inú rẹ̀ ni wọn yóò sì ti ra omi. Wọ́n sáré, wọ́n làágùn, wọ́n sì jẹ gbèsè ní orúkọ òkú. Kò sí ẹni tí ó jí owó nínú wọn, síbẹ̀ owó kò dé ibi tí wọ́n sọ pé ó ń lọ. Ẹ̀wù àtijọ́ tí Kóòṣì fúnra rẹ̀ rí lọ́rùn wọn nígbà tí ó ń kọ́ wọn, kí ni ó ṣe é? Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sórí páálí, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ há mọ́ àyà, ti tó fún ẹni tí ó mọ ìdí tí òun fi ń sáré.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn tún wà. Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n yọ nínú owó tí àwọn sárésáré san, kí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá ṣe ipò kìíní. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti kìlọ̀ nípa èyí tipẹ́: bí gbogbo àwọn tí ń díje bá dá owó jọ, tí ẹni tí ó yege sì kó o, tẹ́tẹ́ ni. Ọmọ Kánádà tí kò ka ìwé òfin Mùsùlùmí rí yẹra fún un. Kí ni yóò wá jẹ́ àwáwí ọmọ Mùsùlùmí?

Àwọn arábìnrin náà kọ́ eré lọ́dọ̀ Kóòṣì, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí ìrántí rẹ̀. Kí wọ́n fún wọn ní wákàtí tiwọn tàbí pápá tiwọn, pẹ̀lú aṣọ tí ó bo ara. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé wọn lọ sídìí ìkòkò ìrẹsì, kí ó sì pe èyí ní ẹ̀sìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé nítorí sàráà ni, eré kò lè pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, ní pápá ìṣeré Súrùlérè ní Èkó, Samuel Okwaraji tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà pẹ̀lú Angola ṣubú lulẹ̀, ó sì kú. Ọmọ ọdún 25 ni, eléré tí gbogbo ènìyàn ń wò pé ara rẹ̀ le. Nítorí náà, kí eré bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsúbàá, kí ó parí kí oòrùn tó mú. Kí nọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ tí ó lè gbé ènìyàn lọ sí ilé ìwòsàn wà nítòsí, kí omi sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Bí owó kò bá tó láti ṣe èyí, kí wọ́n rìn dípò kí wọ́n sáré. Sàráà náà kò ní dín kù.

Ohun tí owó yóò ṣe ni kí wọ́n sọ kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀ kan, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹni tí ó sọ pé owó náà wà fún "àwọn aláìní" kò tí ì sọ nǹkan kan. Ṣé kànga ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ pápá tí Kóòṣì ti kọ́ wọn? Ṣé owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ fún ọdún kan ni? Ṣé owó ìtọ́jú àwọn tí ó ní irú àrùn tí ó pa á ni? Ní ọdún 2007, Yemi Tella ni olùkọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé Nàìjíríà tí ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn tí kò tí ì pé ọdún 17 ní ilẹ̀ Kòríà. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wà lára ọkùnrin náà nígbà tí ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àwọn ọmọ gba ife ní oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kẹwàá, olùkọ́ wọn kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ sáré ní ìrántí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tí owó yóò lọ fún un. Ohun tí wọ́n bá sì ti sọ fún olùfúnni ni owó náà gbọ́dọ̀ ṣe. Àmánà ni. Mọ̀lẹ́bí kò lè pín in bí ogún, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè yá a, àlùfáà kò sì lè bù nínú rẹ̀ pé òun ṣe àdúà sí i.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí wọ́n ń fi pamọ́ jù ni gbèsè. Orílẹ̀-èdè yìí kò mọ olùkọ́ eré ìdárayá lò. Shuaibu Amodu, Mùsùlùmí, ọmọ Okpella ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, ni ó kọ́ ẹgbẹ́ BCC Lions ti Gboko nígbà tí wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1990. Lẹ́ẹ̀mejì ni ó mú Nàìjíríà dé ẹnu ọ̀nà Ife Àgbáyé, ti ọdún 2002 àti ti ọdún 2010; lẹ́ẹ̀mejèèjì ni wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2016, ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ikú Stephen Keshi, ẹni tí ó kọ́ Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní ọdún 2013. Àwọn wọ̀nyí ni ẹni ńlá, tí ìwé ìròyìn gbé ikú wọn. Olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní eré lórí pápá ilé ìwé girama, tí ń fi owó ara rẹ̀ ra oògùn ìfọwọ́ra fún wọn, ta ni ó gbé tirẹ̀? Gbogbo ẹni tí ó ń ka ìwé ìròyìn ni ó sì mọ̀ pé igbe owó oṣù tí wọn kò san kì í tán lẹ́nu àwọn olùkọ́ eré ní Nàìjíríà.

Gbèsè tí òkú jẹ ni kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n gbé òkú ọkùnrin kan wá síwájú Ànábì pé kí ó kírun sí i lára. Nígbà tí ó gbọ́ pé dínárì díẹ̀ wà lọ́rùn òkú náà tí kò san, kò kírun sí i títí Abu Qatadah fi dìde, tí ó ní òun yóò san án. Bí Kóòṣì bá jẹ ẹni tí ń ta bàtà, tàbí ẹni tí ó yá a ní owó oògùn, kí owó eré àkọ́kọ́ lọ síbẹ̀, bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn olùfúnni. Kò sí nínú ìtàn náà pé Abu Qatadah bá ọkùnrin náà tan. Ọmọ tí Kóòṣì kọ́ ní eré kò ní àwáwí pé òun kì í ṣe ẹbí.

Èyí tí wọ́n jẹ òkú ni ó le jù, nítorí pé àwọn tí ó jẹ ẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ibi eré. Ẹni tí ó di owó oṣù Kóòṣì mú fún oṣù mẹ́jọ, tí ó wá gbé 50,000 náírà kalẹ̀ níwájú kámẹ́rà, kò ṣe sàráà. Owó ọlọ́wọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣètò eré lè máa bẹ̀rù rẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń fọwọ́ sí ìwé pápá, òun ni ó sì ń yan ẹni tí yóò bá ilé ẹ̀kọ́ lọ sí ìdíje. Ibí yìí ni ìgboyà ti ń tán lára ọ̀pọ̀ ọmọ rere, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó jẹ olùkọ́ wọn lówó.

Kò pọn dandan kí wọ́n bú u, kí wọ́n má sì lé e. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ti lọ bá opó Kóòṣì ṣáájú ọjọ́ eré, kí wọ́n bá a kó ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ jọ, kí wọ́n ṣírò oṣù tí wọn kò san fún un, kí ẹni méjì tí àwọn ènìyàn fọkàn tán sì fọwọ́ sí i. Kí ìwé náà wà lórí tábìlì tí wọ́n ti ń gba owó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ olùfúnni sí. Bí aláṣẹ náà bá dé pẹ̀lú 50,000 rẹ̀, kí wọ́n gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n má ṣe dà á mọ́ owó eré, kí wọ́n sì já ìwé ẹ̀rí fún un lójú gbogbo ènìyàn pé lára owó oṣù tí wọ́n jẹ olóògbé ni, ti àwọn ajogún rẹ̀ ni, pẹ̀lú iye tí ó kù tí ó ṣì gbọ́dọ̀ san ní ìsàlẹ̀ ìwé náà.